Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Odò àti Ọjà Ẹja: Ìtàn Omi Láti Ọ̀yán dé Ọjà Olúwo

1.0 Ìfáárà

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtàn ìlú Ẹ̀pẹ́, ohun tí a sábà máa ń rí kà ni ìtàn àwọn tí ó tẹ ìlú dó, ìtàn oyè, àti ìtàn bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe dé ibẹ̀ lẹ́yìn ogun Èkó. Gbogbo èyí dára, ó sì tọ́ kí a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé Ọjà Olúwo ní àárọ̀, tí ó rí ọ̀bọ̀kún, àrọ̀, ẹ̀pìyà, edé àti akàn lórí àtẹ àwọn ìyá ẹlẹ́ja, yóò mọ̀ pé ìtàn mìíràn wà tí a kì í sábà kọ. Ìtàn náà ni ìtàn omi tí ẹja wọ̀nyí ti wá, àti ìtàn ẹrẹ̀ tí omi náà rù dé ọ̀sà.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Òun ni pé odò kì í gbé omi nìkan wá sí ọ̀sà. Ó ń gbé ilẹ̀ wá pẹ̀lú. Nígbà tí a bá sé odò lókè, a ti sé ilẹ̀ náà mọ́ òkè. Àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè nígbà tí a ń sé e, ni ó sì ń san gbèsè rẹ̀. Láti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, a ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò. Lẹ́yìn náà a ó tọ ipa àwọn odò tí ó ń wọnú ọ̀sà ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. A ó wo àyípadà ńlá méjì tí ọwọ́ ènìyàn mú bá wọn láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. A ó sì fi ohun tí ojú àwọn ará ibòmíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti rí wé tiwa.

2.0 Àlàyé lórí àwọn ọ̀rọ̀ kan

Olùkọ́ èdè ni a jẹ́, nítorí náà ó yẹ kí a mọ orúkọ ohun tí a ń sọ kí a tó sọ ọ́. Ìsédò ni a ó máa pe ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní dáàmù. Ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere: a sé odò, omi sì dúró, ó di adágún lẹ́yìn ògiri. Ọ̀sà ni omi gbalasa tí ó wà láàárín ilẹ̀ àti òkun. Ó yàtọ̀ sí òkun, ó sì yàtọ̀ sí odò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni ó bí i. Àbàtà ni ilẹ̀ rírọ̀ etí ọ̀sà tí omi máa ń bò, tí ó sì tún máa ń ṣí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ohun tí ó máa ń sílẹ̀ sí ìdí ìgò epo tàbí ìdí kèrègbè ẹmu ni a mọ̀ sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. A ó lò ó níhìn-ín fún yanrìn, ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà tí odò ń rù lọ. Ìlò yìí kò ṣe àjèjì sí èdè wa, nítorí gbogbo wa ni a mọ̀ pé omi tí a bá gbé kalẹ̀, tí a kò rò, yóò tòrò. Nígbà tí omi bá sì ti tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ti lọ sí ìdí. Ẹni tí ó bá ní gbólóhùn yìí lọ́kàn ti mọ ìdajì ohun tí ìsédò ń ṣe sí odò.

3.0 Bí omi ṣe ń rìn

3.1 Odò Ògùn ṣẹ̀ nítòsí Ṣakí. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì wọ ọ̀sà Èkó ní agbègbè tí ó wà láàárín Ìṣẹrí, Agbóyì àti Màjídùn, ní ẹnu ọ̀nà Ìkòròdú. Odò Ọ̀ṣun ní tirẹ̀ ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì, ní Ìgèdè. Ó gba Òṣogbo kọjá, ó sì bá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kkí. Odò Oni náà wọnú ọ̀sà Lẹ́kkí. Ọ̀sà Lẹ́kkí so mọ́ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ so mọ́ ọ̀sà Èkó, gbogbo wọn sì ń gba ẹnu kan ṣoṣo ní Èkó jáde sí òkun.

Àwọn baba wa kò ṣàì mọ ìbátan yìí. Wọ́n fi Odò Ògùn fún Yemọja, wọ́n fi ọ̀sà fún Ọlọ́sà, wọ́n sì fi òkun fún Olókun. Orúkọ Yemọja fúnra rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti túmọ̀ rẹ̀, ni Yèyé-ọmọ-ẹja. Ẹni tí ó sọ odò ní ìyá àwọn ẹja ti ṣe àkíyèsí ohun kan tí ó jẹ́ òótọ́: láti inú odò ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ ẹja ọ̀sà ti ń wá.

3.2 Òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan. Ní ẹnu òkun ní Èkó, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìkún àti ìfà jẹ́ nǹkan bí mítà kan. Bí a ti ń wọ inú ọ̀sà lọ sí ìhà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi odò kéré, omi iyọ̀ a máa wọ inú ọ̀sà Èkó jìnnà. Nígbà òjò, tí àwọn odò bá kún, omi dídùn a ti omi iyọ̀ padà sí ẹnu òkun. Ọ̀sà Lẹ́kkí, tí ó jìnnà sí ẹnu òkun, jẹ́ omi dídùn ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà láàárín méjì. Ìdí nìyí tí ẹja omi dídùn àti ẹja omi iyọ̀ fi lè pàdé lórí àtẹ kan náà ní Ọjà Olúwo.

3.3 Kí ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń ṣe nínú gbogbo èyí? Ohun mẹ́ta ni. Èkíní, òun ni ó ń kọ́ àbàtà. Ilẹ̀ àbàtà kì í dúró lójú kan. Ó máa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí ìwúwo ara rẹ̀, omi òkun náà sì ń ga sí i ní àkókò tiwa yìí. Bí odò kò bá mú ẹrẹ̀ tuntun wá bò ó lọ́dọọdún, omi yóò borí rẹ̀. Èkejì, inú ẹrẹ̀ yìí ni igi ẹ̀gbà ń gbé, igi etí omi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ sókè bí ẹsẹ̀ alágẹmọ. Láàárín gbòǹgbò wọ̀nyí ni edé, akàn àti àwọn ọmọ ẹja ti ń sá pamọ́ fún ẹja ńlá. Ẹ̀kẹta, ewé jíjẹrà àti ọ̀rá ilẹ̀ tí ó wà nínú ẹrẹ̀ ni ó ń bọ́ àwọn ohun wẹ́wẹ́ inú omi tí ẹja ń jẹ.

Ìkún odò fúnra rẹ̀ sì jẹ́ àmì fún ẹja. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, tí odò kún bo àbàtà, àrọ̀ àti irú rẹ̀ a jáde lọ yé ẹyin sí ibi tí omi kò jìn. Bí omi bá fà, àwọn ọmọ wọn a bá a padà. Apẹja tí ó dẹ ìgèrè sí ojú ọ̀nà omi náà mọ ìgbà tí wọn yóò kọjá.

4.0 Ìlú àti ọjà lórí omi

Ní oṣù kejìlá ọdún 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun kọlu Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà síbẹ̀. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba orí omi lọ, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ni a ti ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ àti Kọ́ńsọ̀ Benjamin Campbell fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní í dá Èkó láàmú mọ́, wọ́n sì gbà fún un pé kí ó máa ṣòwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kkí. Ó padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró sí Ẹ̀pẹ́.

Ohun tí a fẹ́ fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé omi ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ọ̀sà ni ojú ọ̀nà ogun, òun ni ojú ọ̀nà sísá, òun náà sì ni ojú ọ̀nà òwò. Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀jìnrìn, láti Ẹ̀jìnrìn dé Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ojú omi ni ó so àwọn ọjà etí ọ̀sà pọ̀ mọ́ Èkó.

Nínú àwọn ọjà wọ̀nyí, ti Ẹ̀jìnrìn ni òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni epo àti ẹrù láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti òkè ti ń pàdé ọjà Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ẹrù yà sí ibòmíràn, Ẹ̀jìnrìn sì rọ. Ọjà Olúwo kò rọ bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀jìnrìn ń tà ohun tí omi gbé kọjá. Olúwo ń tà ohun tí omi bí. A lè gbé epo gba ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè fi bí edé àbàtà. Nítorí náà, bí ọkọ̀ ilẹ̀ kò bá lè pa Ọjà Olúwo, omi tí ó bàjẹ́ lè pa á.

5.0 Àyípadà kìíní: ẹnu òkun

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, òkìtì yanrìn máa ń dí ẹnu òkun Èkó. Ọkọ̀ ńláńlá kò lè wọlé. Ìta ni wọ́n ń dúró sí, tí ọkọ̀ kékeré a máa lọ já ẹrù wọn. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọnú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu náà, wọ́n sì parí èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ní 1912. Wọ́n tún ń gbẹ́ yanrìn inú ẹnu ọ̀nà náà. Báyìí ni Èkó ṣe di èbúté ọkọ̀ ńlá.

Ṣùgbọ́n òkun tí ó wà ní etí ilẹ̀ wa máa ń gbé yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìdáwọ́ dúró. Àwọn ògiri òkúta wọ̀nyí dá yanrìn náà dúró. Ní ìwọ̀-oòrùn wọn, yanrìn pọ̀ jọ, ilẹ̀ gbòòrò sí i. Ní ìlà-oòrùn, ní etí òkun tí a mọ̀ sí Bar Beach, yanrìn tí òkun ń kó lọ kò rí arọ́pò, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba kan lẹ́yìn èkejì fi ń kó yanrìn dà síbẹ̀, tí òkun sì ń kó o lọ.

A mẹ́nu ba èyí nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Yanrìn etí òkun àti ẹrẹ̀ odò kò yàtọ̀ nínú ìwà. Àwọn méjèèjì jẹ́ arìnrìn-àjò. Ibi tí a bá ti dá wọn dúró, ẹnì kan níwájú ni yóò wá wọn tì.

6.0 Àyípadà kejì: sísé àwọn odò

6.1 Òǹgbẹ ni ó bí ìsédò. Bí àwọn ìlú ńlá wa ti ń gbòòrò ni omi kànga kò tó wọn mọ́. Ní 1942 ni a parí ìsédò Ẹlẹ́yẹlé lórí Odò Ọ̀nà fún àwọn ará Ìbàdàn. Nígbà tí ọdún 1960 sí 1969 ń parí lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í sé Odò Ọ̀ṣun ní Àṣẹ́jírẹ́ fún Ìbàdàn bákan náà. Odò Ẹ̀rìnlẹ̀ tí ó ń wọnú Ọ̀ṣun náà ní ìsédò tirẹ̀ ní agbègbè Ẹdẹ. Ní 1976, ìjọba ológun àpapọ̀ dá àwọn àjọ tí yóò máa bójú tó àwọn odò ńlá Nàìjíríà sílẹ̀, Àjọ Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sì wà lára wọn.

Àjọ yìí ni ó ṣe ìsédò Ọ̀yán, níbi tí odò Ọ̀yán àti odò Òfìkì ti pàdé, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Abẹ́òkúta. Ààrẹ Shehu Shagari ni ó ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1983. Adágún rẹ̀ lè gba nǹkan bí mílíọ̀nù 270 mítà onígun mẹ́ta omi, ó sì tẹ́ ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí hẹ́kítà 4,000. Ní àkókò kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìkéré nítòsí Ìsẹ́yìn, lórí Odò Ògùn gan-an; èyí lè gba nǹkan bí mílíọ̀nù 690. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé apá méjèèjì odò náà, Ògùn àti Ọ̀yán, ni a sé.

6.2 Kì í ṣe èébú ni a fẹ́ fi bu àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí. Omi Ọ̀yán ń bọ́ sínú Odò Ògùn, ní Akútè sì ni a ti ń fa omi odò náà fún ilé-iṣẹ́ omi ní Ìjù àti ní Adíyán tí a ṣí ní 1991. Ará Èkó tí ó bá ṣí ẹ̀rọ omi mu lè jẹ́ pé omi Ọ̀yán ni ó ń mu. A gbé ẹ̀rọ mẹ́ta síbẹ̀ láti fi mú iná mànàmáná wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà láìṣiṣẹ́. Omi mímu ni èrè tí ó dájú jù, kì í sì í ṣe èrè kékeré.

6.3 Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀? Odò tí ó ń sáré dà bí aláàárù tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé inú adágún, ìrìn rẹ̀ a lọ sílẹ̀, kò sì ní agbára láti ru ẹrù náà mọ́. Yanrìn ni ó kọ́kọ́ ń jábọ́, ẹrẹ̀ a tẹ̀ lé e. Omi tòrò. Omi tí ó jáde ní ìsàlẹ̀ ìsédò kò ru nǹkan púpọ̀, nítorí náà ó ń gbẹ́ ìdí odò àti etí odò láti wá ẹrù mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀rí kí ó lọ wo Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń gba àyè omi láti ọdún dé ọdún. Ẹrẹ̀ tí ó ń dí Ẹlẹ́yẹlé lọ́wọ́ yìí ni ẹrẹ̀ tí kò dé ọ̀sà. Òun ni ìṣòro fún àwọn tí ó ní adágún, ìbá sì jẹ́ ìbùkún fún àwọn tí ó ní àbàtà.

Ìsédò tún ń yí àkókò omi padà. Ìkún tí ó yẹ kí ó wá nígbà òjò ni adágún kọ́kọ́ ń gbé mì. Bí adágún bá sì ti kún, tí àwọn alábòójútó bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, omi lè dé lójijì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi tí a tú sílẹ̀ láti Ọ̀yán bo Ajégúnlẹ̀ àti àwọn àdúgbò ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fi ilé sílẹ̀. Ìkún irú èyí kì í ṣe ìkún tí ẹja ń retí láti fi yé ẹyin. Ó pẹ́ ju àkókò, ó sì pọ̀ ju ìwọ̀n.

7.0 Ohun tí ojú àwọn ẹlòmíràn rí

Kí a má baà rò pé àròsọ ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ̀-oòrùn wa. Ní 1965 ni a parí ìsédò Akosombo lórí odò Volta ní Gánà. Adágún rẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 8,500 kìlómítà ní ìbú àti òró, nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni a sì kó kúrò ní ilé baba wọn. Ìwọ̀nyí ni a mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ odò, ní ìhà Sogakope àti Ada, àwọn obìnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa kó ìṣáwùrú odò tà. Ẹran inú ìkarahun yìí ń fẹ́ ìdí odò tí ó mọ́, tí ó ní yanrìn, àti omi tí iyọ̀ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n. Lẹ́yìn ìsédò, ìkún ọdọọdún dáwọ́ dúró, koríko omi hù bo etí odò, ibi tí ìṣáwùrú ń gbé sì sún lọ sí ẹnu òkun, ó dín kù. Òwò àwọn obìnrin náà sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ní Keta, òkun ti ń jẹ ilẹ̀ kí Akosombo tó dé, ṣùgbọ́n yanrìn tí Volta kò gbé wá mọ́ kún ìyà ibẹ̀.

Ní Tógò, wọ́n sé odò Mono ní Nangbéto ní 1987. Ṣáájú ìgbà náà, odò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi iyọ̀ a sì rí àyè wọ ọ̀sà. Nígbà tí ẹ̀rọ iná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, omi dídùn ń ṣàn wá ní gbogbo ọdún. Níhìn-ín, kì í ṣe pé omi kò sí. Omi wá ní ìgbà tí kò yẹ kí ó wá. Fún ọ̀sà, ìgbà ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n.

Ìtàn kẹta fún wa ní ìrètí. Ní 1986 ni a ṣe ìsédò Diama nítòsí ẹnu odò Senegal, láti lé omi iyọ̀ sẹ́yìn. Àbàtà tí ó wà ní ìhà Mauritania gbẹ, ẹja lọ, koríko tí àwọn obìnrin fi ń hun ẹní lọ. Ní 1991 ni Mauritania dá ọgbà ìjọba Diawling sílẹ̀ níbẹ̀. Láti àárín ọdún 1990 sí 1999 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn omi ní àkókò ìkún, kí àbàtà lè rí omi bí ó ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Ẹja padà, ẹyẹ padà, koríko ẹní náà padà. Ọwọ́ tí ó sé omi ni ó tún omi náà ṣí.

8.0 Ǹjẹ́ ìsédò nìkan ni ó jẹ̀bi?

Onítàn kì í dá ẹjọ́ ẹnì kan. Bí a bá di gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ lé ìsédò lórí, a kò ṣe òótọ́. Ní ìhà Ẹ̀pẹ́, ìsédò orí Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rìnlẹ̀ kéré sí ti Ọ̀yán àti Ìkéré, ilẹ̀ tí ó pọ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ wọn tí òjò ṣì ń fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ wá sínú odò. Ní ìhà Ìkòròdú, ọwọ́ ìsédò wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí apá méjèèjì Odò Ògùn ni a sé.

Ṣùgbọ́n ní Ìkòròdú yìí kan náà ni àwọn awayanrìn ti ń wa yanrìn láti ìdí ọ̀sà fún ilé kíkọ́. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí pọ̀: lókè, ìsédò kò jẹ́ kí yanrìn dé, nísàlẹ̀, a ń kó èyí tí ó ti dé tẹ́lẹ̀ lọ. Owó tí kò wọlé, tí a sì ń ná, kò ní í pẹ́ tán. Ibi tí a wa yanrìn a di kòtò jíjìn, ẹrẹ̀ rẹ̀ a rú soke, àwọ̀n apẹja kò sì ní í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Àbàtà mìíràn wà tí a ti dí pa, tí a kọ́ ilé lé lórí. A gé ẹ̀gbà fún igi ìdáná. Ní 1984, koríko omi kan tí ó ń léfòó wọ Nàìjíríà láti ìhà Bàdágìrì, ó sì tàn ká ọ̀sà. Omi iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń pa á. Ibi tí omi dídùn bá ti pẹ́ ni ó ti ń jọba, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ àti àwọ̀n.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí ó jẹ̀bi nìkan ni ó yẹ kí a máa wá. Ohun tí ó yẹ kí a rí ni pé ọwọ́ púpọ̀ ni ó wà lára omi kan, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kò sì mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹni tí ó ń bójú tó adágún ń ka omi tí ó wà nínú adágún. Ẹni tí ó ń gba owó orí yanrìn ń ka ọkọ̀ yanrìn. Ìyá ẹlẹ́ja ní Ọjà Olúwo ń ka ẹja. Kò sí ẹni tí ó ń ka gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Òwe yìí dára, a sì ti fi kọ́ ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a sọ yìí fi hàn pé ìkìlọ̀ mìíràn yẹ fún ìgbà tiwa: orísun náà kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹnu odò. Àwọn tí ó wà ní Ọ̀yán, ní Ìkéré àti ní Àṣẹ́jírẹ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí ó wà ní Màjídùn àti ní Ẹ̀pẹ́.

Ohun tí ó ṣeé ṣe kò ṣòro láti sọ. Kí a máa tú omi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, díẹ̀díẹ̀, ní àkókò tí ẹja ń retí rẹ̀, dípò kí a dúró títí adágún yóò fi kún àkúnya. Kí ìkìlọ̀ dé ìsàlẹ̀ odò kí omi tó dé. Kí a sọ ibi tí a lè wa yanrìn àti ibi tí a kò gbọdọ̀ wà á. Kí a dá ẹ̀gbà tí ó kù sí. Kí àwọn apẹja àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja sì ní ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún wọn níbi tí a ti ń pín omi.

Iṣẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Apẹja etí ọ̀sà ní orúkọ fún irú ẹja tí ọmọ ilé-ìwé kò gbọ́ rí. Ó ní orúkọ fún ìkún, fún ìfà, fún àwọ̀ omi, fún irú ẹrẹ̀. Bí ẹja kan bá lọ kúrò ní ọ̀sà, orúkọ rẹ̀ kò ní í pẹ́ lọ kúrò lẹ́nu. Lẹ́yìn ìran méjì, òwe tí a fi ẹja náà pa yóò di òwe tí a ń há sórí tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó wà ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí etí omi kí wọ́n lọ kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, kí wọ́n béèrè ẹja tí ó wà nígbà èwe àwọn bàbá àti ìyá àgbà, tí kò sí mọ́. Olùdánwò náà lè béèrè nínú ìdánwò àṣà ohun tí ó so Yemọja, Ọlọ́sà àti Olókun pọ̀, kí ó má sì gba orúkọ òrìṣà nìkan ní ìdáhùn.

Àtẹ ẹja ní Ọjà Olúwo ni ìwé ìṣirò tí ó ń fi ìlera odò hàn wá láti Ṣakí dé ẹnu òkun. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti kà á nígbà tí nǹkan ṣì wà lórí rẹ̀.